Bí Àkọlé Àwọn Olè Ṣe Gun Orí Àwọn Olóyè

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àìrójú ara ẹni láti Ọdún Àjíǹde títí di ìsinsìnyí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Bódìjà níbí, àyà mi kan sìmẹ́ǹtì. Bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi, ẹ sáà gbà pé mo wà nílẹ̀. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Ìdòwú àti àwọn ìyàwó ilé. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ẹlẹgbẹ́ yín tí wọ́n máa ń jókòó sábẹ́ igi ọ̀dàn ní ìrọ̀lẹ́. Adéọlá, àbúrò mi, ìwọ tí ò ń ka lẹ́tà yìí sí Màámi létí, mo kí ìwọ náà. Rọra kà á, má sì fo ibi kankan, pàápàá jù lọ ibi tí mo bá ti jẹ̀bi.

Màámi, iṣẹ́ tí ẹ rán awakọ̀ sí mi ti dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó jẹ́ ẹ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe rán an. Ó ní ẹ ní kí òun bi mí bóyá torí kí n lè máa pe àwọn olóyè ìlú ní olè nínú ìwé ni ẹ ṣe ta kíjìpá rán mi nílé-ìwé. Ẹni ire ni awakọ̀ náà. Kò gbàgbé ibi tí ẹ ti pòṣé. Ó bá yín pòṣé náà, ó sì gùn.

N kò pè wọ́n ní olè. Ẹ̀rọ ló pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Rárá, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ẹni tó da epo nù kì í na kèrègbè. Èmi ni mo da epo nù, ẹ̀rọ kàn bá mi tàn án káàkiri ilé ni. Ìdí rèé tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta nínú ìwé ìròyìn fún tolórí tẹlẹ́mù. Ará ìlú wa pọ̀ n'Íbàdàn, oníkálukú ló sì ti ní bó ṣe ń ròyìn ọ̀rọ̀ náà. Nínú èyí tí mo gbọ́ lánàá nídìí ẹlẹ́ran ní ọjà Bódìjà, mo ti dé àtìmọ́lé, wọ́n sì ń wá onídùúró fún mi.

Àlàáfíà ni mo wà. Òjò ọdún yìí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ó lè máa rọ̀ ní Baṣọ̀run bí ẹni da omi ìkòkò nù, kí oòrùn máa ran ní Bódìjà níbí. Ìyá Dàpọ̀ ṣì wà ní Kàdúná tó ń wẹ ọmọ tuntun, ilé sì dákẹ́. Èmi ni mò ń sè, èmi ni mò ń jẹ, èmi náà ni mo sì ń bú alásè. Ẹ̀bà tí mo tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo bá jù ú lu ògiri, ògiri ni yóò tọrọ gáfárà. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, ìjọba ní ó ń bọ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbà wọ́n gbọ́. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ ilé yìí kò pa mí lára rárá, nítorí ohùn yín ni mò ń gbọ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ rántí ìgbà tí mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá sílé. Ẹ ní kí n dúró kí ẹ kọ́kọ́ wé gèlè. Mo ní ẹ̀rọ yìí kì í ríran, ohùn nìkan ló ń gbà. Ẹ bi mí pé ṣé ohùn ẹni tó wé gèlè àti ti ẹni tó ṣí orí sílẹ̀ dọ́gba ni. Ẹ wé e, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìlú wa: bí a ṣe kúrò ní ahoro, bí ọjà ṣe jó, bí àwọn obìnrin ṣe mú àwọn olè iṣu ní oko etídò, iṣẹ́ olóyè kọ̀ọ̀kan, títí dé orí òfì híhun tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín. Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá. Mo ṣèlérí pé n ó sọ ọ́ di ìwé.

Ìgbà tí a lọ rí dókítà ojú ni ìlérí náà di kánkán. Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ, ó ní tòsì ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, oògùn kàn lè bẹ̀ ẹ́ fún oṣù díẹ̀ pé kó má sáré ni. Gbogbo àwa ọmọ ń wo ilẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí n yára, ẹ ní bí ìwé náà bá dé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú sí yín lójú, bí wọ́n gbé pátákó lé yín lọ́wọ́, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi ojú ara yín rí orúkọ yín nínú ìwé, nítorí orúkọ yín nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ti ṣọ́ọ̀ṣì rí kọ́ yín kà kí wọ́n tó gbé olùkọ́ yín lọ sí ìlú mìíràn. Láti ọjọ́ yẹn, ojú òsì yín ni aago tí mo fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí gbà láti tẹ ìwé náà. A rí atẹ̀wé kan ní Dùgbẹ̀, ọkùnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní kí iṣẹ́ náà wà lórí tábìlì òun ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ajé, kó sì ní ìwé àṣẹ Ààrẹ ẹgbẹ́ wa lórí. Ó ní láti ọ̀sán ọjọ́ náà, kàlẹ́ńdà ọdún tuntun ni òun yóò gbé sórí ẹ̀rọ, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sálásí, ti ẹgbẹ́ aláṣọ, kò sì sí ìwé tí yóò tún gun orí ẹ̀rọ náà títí Ọdún Àjíǹde yóò fi máa kanlẹ̀kùn. Mo ka oṣù náà lórí ìka. Oṣù náà pọ̀ ju ohun tí dókítà sọ lọ.

Ọ̀rọ̀ kò le, lójú tèmi. Ẹ mọ̀ pé Dàpọ̀ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ fún mi kó tó rìnrìn àjò. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi taipuráítà tẹ ìbéèrè ìdánwò. Mo ní kí ni kọ̀ǹpútà bí kò ṣe taipuráítà tó ń jẹ iná? Lórí taipuráítà, bí orí kan nínú ìwé bá parí, a ó yí bébà kúrò, a ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà kò ní bébà tí a ń yí. Mo bá dá ọgbọ́n tèmi. Bọ́tìnnì ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹ́ńtà, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ sórí ìlà tó kàn. Bí orí kan bá parí láàrin ojú ìwé, mo ń tẹ Ẹ́ńtà, mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún iyán, títí ojú ìwé tuntun yóò fi yọ. Ẹ tún mọ àkọlé tó máa ń wà lókè ojú ìwé nínú ìwé gidi, èyí tó ń sọ ibi tí à ń kà. Mo fi ọwọ́ ara mi tẹ ìyẹn náà sí òkè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, mo fa ìlà sí i nídìí. Ojú ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ. Nígbà tí mo parí, mo fẹ̀yìn ti àga, mo wo ara mi nínú dígí, mo rí i pé ìjọba yára fẹ̀yìn mi tì.

Mo kó ìwé náà sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, pẹlẹbẹ tí a fi ń gbé iṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn, mo gbé e lọ sí Agbowó, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Sìkírá ni obìnrin tó ni ín ń jẹ́, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, ó ń súnmọ́ ogójì ọdún, Bàbá Tíṣà ló sì ń pè mí. Ó ṣí ìwé náà sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. Ó bi mí pé ta ló ṣe mí báun. Mo ní èmi ni mo ṣe ara mi.

Lẹ́tà ẹ̀rọ tirẹ̀ ló fi díẹ̀ sanra ju tèmi lọ, gbogbo ìlà bá sún. Orí Kẹta bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn. Àwọn àkọlé tí mo fọwọ́ tẹ̀ sí òkè ti já wálẹ̀ sáàrin ọ̀rọ̀. Ẹ rántí ibi tí ẹ ti sọ bí ẹ ṣe gbé mi sá lọ́jọ́ tí ọjà jó. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé ẹ pọ̀n mí, ẹ so ọ̀já, ÌTÀN ÌLÚ WA, OJÚ ÌWÉ KẸTÀLÉLÓGÚN, ẹ sì sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Sìkírá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. Ó ní irú ìyá wo rèé tó ń kéde ojú ìwé nígbà tí iná ń lé e.

Ó fẹ́ bá mi tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Mo kọ̀. Mo ní kò lè gbà mí ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Màámi, ọjọ́ méjì gbáko. Bí mo bá yọ Ẹ́ńtà kan níwájú, ẹ̀yìn á fò sókè. Bí mo bá fi kan kún ẹ̀yìn, òmíràn á já bọ́. Ó dà bí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè: ẹni tó wà létí ìhín sún díẹ̀, ẹni tó wà létí ọ̀hún ṣubú. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo padà lọ sí Agbowó, mo jókòó. Sìkírá kò bi mí léèrè. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó ní kí n wo ọwọ́ òun.

Ó tẹ bọ́tìnnì Kọ́ńtírò àti Ẹ́ńtà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí Kejì fò bọ́ sórí ojú ìwé tuntun. Ó wá fi gbólóhùn mẹ́wàá kún Orí Kìíní láti fi hàn mí. Orí Kejì kò mì. Ó ní ààlà la fi lélẹ̀, pé a kì í fi òkúta dí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù kí aládùúgbò má baà wọlé.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí òfì yín. Bí ẹ bá hun aṣọ kan tán, ẹ kì í fi ìhunkúhun dí àyè tó wà láàrin rẹ̀ àti èyí tó kàn. Òwú lásán lẹ máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá sì rí òwú náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀bẹ yóò gbà. Mo ṣàlàyé èyí fún Sìkírá pẹ̀lú ohùn tíṣà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí ló wá dé tí n kò lọ béèrè lọ́wọ́ yín kí n tó fi ọjọ́ méjì gún iyán.

Lẹ́yìn èyí ó kọ́ mi ní ti àkọlé òkè. Hẹ́dà ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí n nu gbogbo èyí tí mo fọwọ́ tẹ̀ kúrò. Ibi kan wà tí a ń kọ ọ́ sí lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò sì máa gbé e sí òkè gbogbo ojú ìwé, ì báà tó ẹgbẹ̀rún. Àmọ́ bí orí kọ̀ọ̀kan yóò bá ní àkọlé tirẹ̀, a gbọ́dọ̀ gé ìwé náà sí abala níbẹ̀rẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan, kí a sì sọ fún ẹ̀rọ níbẹ̀ pé eléyìí kò bá ti ìṣáájú tan. Bí a kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ gbà pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, àkọlé tìṣáájú ni yóò gbé lé e lórí. Ó bi mí bóyá mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bi ọmọ ilé-ìwé ní ìbéèrè yẹn tí wọ́n sì dá mi lóhùn báyẹn. N kò mọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì yẹn bí irọ́ náà ṣe dùn lẹ́nu tó.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ààrẹ ẹgbẹ́ wa yà sọ́dọ̀ mi. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ Ìyá Elépo, ẹni tó gbẹ́ kànga fún ilé-ìwé wa. Ọmọlúàbí ni, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tó ti joyè nílé lọ́dún tó kọjá, bó bá fẹ́ sín, a gbọ́dọ̀ fún un láyè. Ó ní kí orúkọ òun wà lókè gbogbo ojú ìwé. Ó kọ ọ́ sí bébà fún mi kí n má baà ṣì í kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè pátápátá: Olóyè Àgbà, Ẹnjiníà, Alàgbà, Bàbá Ìjọ, Bàbá Ìsàlẹ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́ alùpùpù. Bébà ti dé ìdajì kó tó dé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé bí gbogbo èyí bá wà lókè, ìtàn ìlú kò ní ríbi jókòó. A bá fẹnu kò pé Orí Karùn-ún, tó jẹ́ ti àwọn olóyè, ni yóò ti kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú fọ́tò. Ó ní kí n tẹ ẹ̀dà kan fún ìpàdé ọjọ́ kejì, kí òun kà á fún ẹgbẹ́ kí òun tó bu ọwọ́ lu ìwé àṣẹ.

Sìkírá ti lọ sí ìkómọ lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni mo sì jókòó ti ẹ̀rọ nílé. Mo kọ àkọlé Orí Kìíní, mo kọ ti Ìkejì, ti Ìkẹta. Orí Kẹrin ni ìtàn yín nípa àwọn olè iṣu. Mo kọ ọ́ sókè: ÀWỌN OLÈ TÍ A MÚ. Mo dé Orí Karùn-ún. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, oyè Ààrẹ sì ti sú mi kọ. Mo yára. N kò sọ fún ẹ̀rọ pé eléyìí kò bá ti ìṣáájú tan. Mo tẹ ìwé náà jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré Dàpọ̀, mo sì dì í. N kò tún un wò. Èmi tí mo máa ń lé ọmọ padà sórí ìjókòó pé kó lọ tún iṣẹ́ rẹ̀ kà.

Ìpàdé wáyé lọ́jọ́ Àìkú ní pálọ̀ Ààrẹ ní Ring Road. Ẹ mọ bó ṣe máa ń kàwé: bí lẹ́tà bá dé, á ka àdírẹ́ẹ̀sì, á ka déètì, díẹ̀ ló kù kó ka sítáǹpù. Ó ṣí Orí Karùn-ún, ó rí fọ́tò rẹ̀, ó dìde. Ó fa agbádá sórí èjìká. Ó wúkọ́. Láti òkè pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní Àwọn Olè Tí A Mú. Kò tíì gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ó ń bá a lọ: Olóyè Àgbà, Ẹnjiníà, Alàgbà, Bàbá Ìjọ, títí ó fi dé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ibẹ̀ ló ti dákẹ́.

Bàbá Kúnlé, mẹkáníìkì wa láti Challenge, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìwé gidi nìyí o, ó mú olè, ó sọ oyè rẹ̀, ó tún ya fọ́tò rẹ̀ kó má baà sá. Màámi, ẹ̀rín tó tẹ̀lé e kì í ṣe ẹ̀rín ènìyàn. Àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ tó wà ní kíṣìnì sáré jáde pẹ̀lú omorogùn lọ́wọ́. Wọ́n ṣí ojú ìwé tó kàn: olóyè kejì, Àwọn Olè Tí A Mú. Wọ́n ṣí òmíràn: olóyè kẹta, Àwọn Olè Tí A Mú. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wọ̀ ọ́.

Ààrẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbìmọ̀ olùwádìí yóò jókòó. Lójú ẹsẹ̀ ló yan alága, ó yan akọ̀wé, ó yan ẹni tí yóò máa ra mínírà. Ó ní wọn yóò jábọ̀ nínú ọdún tuntun, àti pé títí dìgbà náà òun kò ní bu ọwọ́ lu ìwé àṣẹ kankan. Nínú takisí tó gbé mi padà sí Bódìjà, n kò rí ẹ̀rín kankan nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Mo dé ilé, n kò lè tan kásẹ́ẹ̀tì yín. Ojú òsì yín ló ń wò mí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà Ààrẹ. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún oyè náà. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. N bá ti pẹ́ níbẹ̀. Mo ní irú ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ ẹ́ wà ní Agbowó, mo ní kò sí ìgbìmọ̀ tó lè mọ ìdí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀daràn. Ó rò ó. Ó wọ agbádá mìíràn. Ó ní kí n wọlé sínú mọ́tò.

Sìkírá kúnlẹ̀ kí i, ó sì ní kó jọ̀ọ́, kó fún òun ní orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀. Ààrẹ kò jẹ́ kó tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sí òkè Orí Karùn-ún, ó mọ̀ọ́mọ̀ má sọ nǹkan kan fún ẹ̀rọ ní àwọn orí tó tẹ̀lé e, ó ní kí Ààrẹ wò ó. Ojú Ààrẹ tàn. Sìkírá wá ń ṣí i lọ síwájú. Orí Kẹfà, ìtàn àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ ní ojúde ọba: Olóyè Àgbà, Ẹnjiníà, Alàgbà. Orí Keje, bí wolé-wolé ṣe kọ́kọ́ fipá mú ìlú gbẹ́ ṣáláńgá: Olóyè Àgbà, Ẹnjiníà, Bàbá Ìsàlẹ̀, ní òkè ṣáláńgá kọ̀ọ̀kan. Ààrẹ kígbe pé ó tó. Sìkírá ní kí Bàbá Olóyè má bínú, ó ní ẹ̀rọ kò mọ olóyè, kò sì mọ olè, ohun tí wọ́n bá gbé lé e lórí náà ló ń rù lọ.

Ààrẹ wo ṣáláńgá náà, ó wò ó, fìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tí ẹ̀rín náà jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níta yọjú wò wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí agbádá nu ojú. Ó ní kí wọ́n gbé oyè wọ̀nyẹn sọ̀ kalẹ̀ kíá, kí wọ́n kọ orúkọ tí bàbá òun sọ òun sínú ìwé, ó tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi bọ́tìnnì tó ń ya àkọlé sọ́tọ̀ han òun. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Olè dúró ní Orí Kẹrin, olóyè wọ Orí Karùn-ún, Ààrẹ sì tú ìgbìmọ̀ olùwádìí ká. Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nílẹ̀ yìí tó parí iṣẹ́ láìmu mínírà.

Agogo mọ́kànlá ti kọjá nígbà náà. Orí Kẹjọ nìkan ló kù, ti òfì, ti yín. Èmi ni mo ti ní kí orúkọ yín nìkan wà lókè rẹ̀. Sìkírá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, ó ní kí n pè é kí òun tẹ̀ ẹ́. Mo la ẹnu. Màámi, kò jáde. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé ni mí, n kò pe orúkọ yín rí láyé mi. Sìkírá wo ojú mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí bọ́ọ̀dù bọ́tìnnì náà sọ́dọ̀ mi, ó sì kọjú sí títì. Ààrẹ náà kọjú sí títì. Mo ṣí fìlà, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ààrẹ bu ọwọ́ lu ìwé àṣẹ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀, ó wà mí gba Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, ó ń fọn fèrè mọ́tò bí ẹni gbé aboyún. Atẹ̀wé ti di kàlẹ́ńdà mú nígbà tí a wọlé. Ó wo aago ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù. Ó gbé kàlẹ́ńdà náà kalẹ̀.

Ìwé náà ti jáde, Màámi. Ó wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì ń rùn bí yíǹkì tuntun. Èmi fúnra mi ni mò ń gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ ó rí ojú ìwé kan tó ṣófo kí orí yín tó bẹ̀rẹ̀. Atẹ̀wé bi mí bóyá àṣìṣe ni. Mo ní kó fi í sílẹ̀, òwú tí a kò hun ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orí yín wà, ojú ìwé méjìlélógún, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, orúkọ yín sì ga lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, ọmọ kì í pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ ló pè yín lẹ́ẹ̀mejìlélógún. Ẹ má bínú sí i, kì í ṣe ọmọ yín. Adéọlá, bí mo bá gbé ìwé náà lé wọn lọ́wọ́, má ka òkè yẹn fún wọn o. Jẹ́ kí wọ́n kà á fúnra wọn.

Màámi, ojú tó kù náà á dúró tì yín, á pẹ́ dáadáa, á ka ìwé yìí tán, á sì tún rí ọmọ tuntun tí Ìyá Dàpọ̀ ń wẹ̀. Ẹ ó máa jókòó lórí ohun tí ẹ ti hun. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí aládùúgbò, ẹ kí Pásítọ̀. Ẹ kí àwọn olóyè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ní Orí Karùn-ún ni wọ́n wà.

Èmi tí ẹ ta kíjìpá rán nílé-ìwé,
ọmọ yín.